Ta Ló Ń San Owó Ìfẹ́? Fíìmù Ìfẹ́ Yorùbá láti Ó Le Kú dé Arugbá

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ti òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ tó parí sí jíjẹ-mímu àti ijó lábẹ́ àtíbàbà. Ìfẹ́ tó forí ṣánpọ́n ni, irú èyí tí ẹnìkan máa ń fi ayé ara rẹ̀ san kí ìtàn tó tán.

Ibi tó yẹ ká ti sọ ọ́ náà la wà yìí. Bí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀ ní Fàdéyí tàbí Onípánù, tó yà sí inú Ṣómólú ní Èkó, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tó ń gbéyàwó ti ń tẹ káàdì, tí ẹni tó ń sìnkú ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, tí oníṣòwò fíìmù sì ń tẹ pósítà. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ èyí tó ń tẹ àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bébà pósítà yóò gba inú rẹ̀ kọjá: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Nígbà tó bá gba yẹ́lò nìkan, ojú òṣèré á dà bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú dá dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá fi dúdú kẹ́yìn, ìgbà náà ni irun, ìpéǹpéjú àti omijé á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo pósítà fíìmù ìfẹ́ tó jáde lórí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn á rí i pé obìnrin ló sábà máa ń sunkún lórí rẹ̀. Ọkùnrin á dúró lẹ́yìn, á ká ọwọ́ mọ́ àyà, á máa wo ọ̀ọ́kán.

Ìbéèrè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ìfẹ́ bá dàrú nínú fíìmù Yorùbá, ta ló ń san owó rẹ̀?

Kí fíìmù tó dé rárá ni ìtàn ti ní ìdáhùn. Ọbà, ìyàwó Ṣàngó, fẹ́ kí ọkọ òun fẹ́ràn òun ju àwọn orogún òun lọ. Ọ̀ṣun, ọ̀kan nínú wọn, we gèlè bo etí, ó ní òun ti gé etí òun sínú ọbẹ̀ ọkọ, òun ló jẹ́ kí ọkọ fẹ́ràn òun. Ọbà gbà á gbọ́, ó gé tirẹ̀. Ṣàngó rí etí nínú ọbẹ̀, ó bínú, ó lé e jáde. Nínú ìtàn yìí, ọkọ bínú, orogún rẹ́rìn-ín, Ọbà nìkan ni kò ní etí. Òpìtàn kan kì í sì í sọ pé Ṣàngó pàdánù nǹkan kan lọ́jọ́ náà, àfi oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan.

Ìlànà yìí wà nínú Ó Le Kú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ ìwé náà jáde ní 1974. Ní 1997 ni Túndé Kèlání àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Mainframe, sọ ọ́ di fíìmù. Yẹmí Ṣódímú ló ṣe Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún àṣekágbá ní Yunifásítì Ìbàdàn láyé 1960 sí 1970, tí ìyá rẹ̀ ń yọ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wálé. Kò sí àìtó obìnrin. Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀, Lọlá wà níbẹ̀, Ṣadé náà wà níbẹ̀. Àjàní kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ aṣọ wọ̀. Àrùn tó ń ṣe é ni pé kò lè pinnu. Ó ń fi òní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la, títí ọ̀rọ̀ fi wọ́ kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe. Àwọn ọmọbìnrin ló sì ru ẹrù àìlèpinnu rẹ̀. Ìṣọ̀lá mọ ohun tó ń ṣe: kò jẹ́ kí òǹkàwé kórìíra Àjàní, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí ọ̀nà dá a láre pátápátá. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó ṣòro jù nínú ìwé ìfẹ́, Ìṣọ̀lá sì ṣe é yanjú.

Ohun tó tẹ̀ lé fíìmù náà ló pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìró àti bùbá péńpé, irú èyí tí àwọn ọmọge ayé ọjọ́un ń wọ̀ kó tó kan orúnkún, tún padà sí ìgboro. Orúkọ fíìmù ni wọ́n fún aṣọ náà. Àwọn ìyàwó tuntun ń sọ fún télọ̀ pé kó rán “ó le kú” fún àwọn, láti Ìbàdàn dé Èkó. Èèyàn wo ìtàn tí ìfẹ́ ti ba ayé ọmọbìnrin jẹ́, aṣọ ìgbéyàwó ló mú jáde nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń wo fíìmù nìyẹn: ojú ń wo ohun tó dára, etí ń gbọ́ ohun tó burú, ọkàn sì ń yan èyí tó wù ú.

Fíìmù kejì ni Thunderbolt, tí gbogbo ayé ń pè ní Màgùn, tí Kèlání gbé jáde ní 2001. Inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí ni wọ́n ti yọ ọ́. Ngozi, ọmọ Ígbò, tí Uche Osotule ṣe, àti Yínká, ọmọ Yorùbá, tí Láńre Balógun ṣe, pàdé níbi tí wọ́n ti ń sin ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n sì fẹ́ra. Òfófó wọ ilé wọn. Yínká bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyàwó rẹ̀, ó sì fi màgùn sí i lára.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tàbí fọ́nrán òwú lásán ti tó. Wọ́n á tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà, obìnrin á ré e kọjá láìmọ̀, ó parí. Ọkùnrin tó bá bá a sùn lẹ́yìn náà á ta òkìtì, tàbí kó kọ bí àkùkọ, á sì kú. Fíìmù náà wá fi ìkà kún ìkà: bí ọkùnrin kankan kò bá bá Ngozi sùn láàárín àkókò kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kú. Ẹ ò rí i bí ìdájọ́ náà ṣe rí? Ẹni tí kò ṣe àgbèrè ni wọ́n fi ikú dá lẹ́jọ́, ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ sì ni kó ṣe ohun tí wọ́n parọ́ mọ́ ọn pé ó ṣe.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Dókítà kan, oníṣègùn òyìnbó tó nífẹ̀ẹ́ Ngozi, yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó gbà láti bá a sùn, kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì dúró nítòsí láti jí i bó bá ṣubú. Díẹ̀ ló kù kó kú kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé fíìmù náà dá lórí bóyá màgùn wà tàbí kò sí, bóyá ìṣègùn òyìnbó ju ti ìbílẹ̀ lọ. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n jù níbẹ̀ ni pé ọkùnrin kan fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ìfẹ́, nínú fíìmù Yorùbá, lójú gbogbo èèyàn. Kì í sì í ṣe ọkọ. Ọkọ tó tẹ́ màgùn kò san kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn tó ti dàgbà ní Èkó mọ fíìmù Íńdíà láti ayé sinimá. Èdè Hindi ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èdè Tamil, ní gúúsù Íńdíà, ní fíìmù tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìlú Chennai sì ni ibùdó rẹ̀. Ní 2004, Balaji Sakthivel gbé fíìmù kan jáde níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kaadhal. Murugan ń tún alùpùpù ṣe ní ìlú Madurai. Ẹni tó bá mọ àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Bàríga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣómólú mọ irú ọmọ tó jẹ́, ọmọ tí girísì kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ Aishwarya, ọmọ ilé ìwé láti ilé olówó, tí ìran wọn ka ara wọn sí ju ìran Murugan lọ. Wọ́n sá lọ sí Chennai, wọ́n ṣègbéyàwó. Ẹbí ọmọbìnrin tan wọ́n padà wálé, wọ́n sì lu Murugan bí ẹni máa pa á. Nítorí kí wọ́n má baà pa á, Aishwarya gbà láti fẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ dúró níbi iná ojú pópó, ó sì rí wèrè kan níbẹ̀. Murugan ni. Níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sanwó: obìnrin fi ayé rẹ̀ san, ọkùnrin fi orí rẹ̀ san. Ó burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ gbèsè sílẹ̀ fún ẹnìkejì.

Fíìmù Yorùbá kan wà tí ọkùnrin inú rẹ̀ kò gbé gbogbo ẹrù lé obìnrin lórí. Arugbá ni, òun ló sì gbé ọ̀rọ̀ wá sí Bàríga gan-an. Ní 1996, Ṣẹ́gun Adéfilà dá ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe of Africa sílẹ̀, Bàríga sì ni ibùdó wọn. Orin, ìlù, ijó àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń pa pọ̀ di eré kan ṣoṣo. Àwọn tó mọ Bàríga nípa ariwo ọmọ ìta nìkan kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń fi ijó àti eré orí ìtàgé jẹun, àti pé Footprints of David náà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Nígbà tí Kèlání ń wá ẹni tí yóò ṣe olólùfẹ́ nínú Arugbá, fíìmù tó ṣe ní 2008, Adéfilà ló mú.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ arugbá ní Òṣogbo. Wúńdíá ni, láti ìdílé ọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún, òun ló máa ń ru igbá ẹbọ láti ààfin lọ sí igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Orí rẹ̀ ni ìlú gbé ẹ̀bẹ̀ ọdún kan kà, kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀. Nínú fíìmù náà, Adétutù jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n yàn sí iṣẹ́ yìí. Bùkọ́lá Awóyẹmí ló ṣe é, ó sì ṣe é débi pé Bùkọ́lá Arugbá ni wọ́n ń pè é títí dòní. Mákinwá, tí Adéfilà ṣe, ń fẹ́ ẹ. Àwọn kan ní ìlú ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kì í ṣe wúńdíá mọ́. Ọba tí Peter Badejo ṣe ní wàhálà tirẹ̀, ìwà ìbàjẹ́ sì ti wọ ààfin. Apá ìṣèlú yẹn gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Mákinwá ló yẹ ká wò. Kò fipá mú un, kò halẹ̀, kò sì wá ẹni tí yóò bá a fi màgùn sí ọmọbìnrin lára. Ó dúró. Ọmọkùnrin tó lè dúró kò pọ̀ nínú fíìmù wa, nítorí pé dídúró kò ní ariwo, kò sì ní ìjà tí wọ́n lè fi polówó ọjà. Adétutù náà mọ iye ohun tí wọ́n ní kó san kó tó gbà, ìyẹn ni Ọbà àti Ngozi kò rí.

Síbẹ̀, a ò ní tan ara wa jẹ. Ara Adétutù ni gbogbo ìlú ń ṣọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá Mákinwá mọ obìnrin rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ eré lọ́wọ́ ní àdúgbò yìí, tí ẹ ń fi fóònù yà á, tí ẹ ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́: ẹ lọ wo Arugbá, kí ẹ tún wo Màgùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ eré kan tí ọkọ tó dá wàhálà sílẹ̀ yóò ti fúnra rẹ̀ ru ẹrù rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì gbé e lọ han àwọn Crown Troupe. Bàríga náà ni wọ́n wà.