Ọwọ́ Ọmọ Ni Ó Ń Parí Ẹ̀kọ́ Rẹ̀



Àwọn àgbà a máa wí pé láti kékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní òṣòó. Kò sí ẹni tí ń jókòó ṣàlàyé òṣòó fún ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ òbí rẹ̀ ni yóò ti lóṣòó, tí yóò ṣubú, tí yóò tún lóṣòó, títí yóò fi mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun tí ọmọ yóò fi gbé ayé rí: ìtọ́jú owó, pípa àdéhùn mọ́, oúnjẹ sísè, àtúnṣe ohun tí ó bàjẹ́. Ẹnu nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní nǹkan wọ̀nyí tán.

Ìtàn ẹgbẹ́ ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí èyí. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ ti rí ọ̀nà tí oko fi lè so ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà kò fẹ́ fi ọ̀nà tí wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá wọn sílẹ̀. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ṣe tán láti dán ohun titun wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1902, A. B. Graham, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ní agbègbè Springfield, ìpínlẹ̀ Ohio, kó àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ. Wọ́n ń yẹ ilẹ̀ oko wò, wọ́n sì ń gbin àgbàdo, ewébẹ̀ àti òdòdó. Láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí 4-H ti jáde. Ewé aláwẹ́ mẹ́rin ni àmì rẹ̀. Ó dúró fún orí, ọkàn, ọwọ́ àti ìlera.

Ohun tí ó mú ètò náà kẹ́sẹ járí ni pé wọn kò fi ọmọ ṣe alágbàṣe lásán. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ alágbàdo ní éékà ilẹ̀ tirẹ̀. Ní 1910, olùkọ́ kan ní Aiken, ìpínlẹ̀ South Carolina, Marie Cromer, rí i pé a kò rántí àwọn ọmọbìnrin. Ó dá ẹgbẹ́ alátòmátì sílẹ̀ fún wọn, ìdámẹ́wàá éékà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbìn ín, wọ́n kórè rẹ̀, wọ́n sè é sínú agolo, wọ́n tà á, wọ́n sì ṣírò èrè rẹ̀ fúnra wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Jerry Moore, kórè àgbàdo tí ó ju 200 búṣẹ́ẹ̀lì lọ lórí éékà kan ṣoṣo. Ní 1914, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin Smith-Lever ti irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ òbí lónìí rò pé ìkẹ́ ni bí wọ́n bá ń bá ọmọ fọ aṣọ, tí wọ́n ń bá a dáná, tí wọ́n sì ń bá a dáhùn ọ̀rọ̀. Ìwé-ẹ̀rí lè pọ̀ lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òbí kò bá sí nítòsí, ẹrù ni yóò jẹ́ fún ẹlòmíràn. Nínú ètò ọ̀dọ́ pàápàá, àgbà a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kí ó lè dára lójú àlejò. Ẹ̀bùn ni ọmọ náà yóò gbé lọ sílé, kò ní gbé ẹ̀kọ́.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Ebè ẹ̀fọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé-kéwú tó, tàbí adìẹ mélòó kan, tàbí abẹ́rẹ́ àti òwú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó sì ní ìwé tí yóò máa kọ ohun tí ó ná àti ohun tí ó rí sí. Kí àgbà wà nítòsí nítorí àdá àti iná, ṣùgbọ́n kí ó má gba iṣẹ́ náà ṣe. Bí ẹ̀fọ́ bá rọ nítorí pé ọmọ kò bomi rin ín, kí ẹnikẹ́ni má sáré gbin òmíràn fún un. Kí a bi í léèrè ohun tí ó fà á, kí ó sì tún un gbìn. Ó sàn kí ọmọ ṣe àṣìṣe lórí ebè ẹ̀fọ́ ní kékeré ju kí ó dàgbà tán kí ó ṣe é lórí owó àti ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá délé, ẹ bèèrè iṣẹ́ kan tí yóò jẹ́ tiyín, kí ẹ sì ṣe é parí. Ẹ̀yin òbí, ẹ fún wọn láyè. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa.