Fáìlì kan ní Ìbàdàn àti ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa

Bóyá inú dánfó lẹ wà, bóyá ẹ ń fọ abọ́, ẹ ṣáà yá mi létí díẹ̀.

Ìyá àgbà mi ti lé ní ẹni 80 ọdún dáadáa. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Wọ́n á fi orúkọ ìyá mi pè mí, wọ́n á tún béèrè oúnjẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Lọ́jọ́ kan, a jọ jókòó lẹ́yìn ilé, wọ́n kàn ní, "Ṣé wọ́n ti mú ọmọ yẹn wá?" Mo ní, "Ọmọ wo, mà?" Wọn ò dáhùn. Ìyá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ọjọ́ ogbó ni. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún béèrè.

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo tẹ orúkọ ìdílé wa sórí Google. Agbẹjọ́rò kan tí kò bá wa tan rárá ni mo rí, àti agbábọ́ọ̀lù kan. Mo bọ́ sórí FamilySearch. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa ṣí àkáǹtì ni. Ìjọ Mọ́mọ́nì ní Amẹ́ríkà ló ni ín, wọ́n sì ti ń gba ìtàn ìran sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà. Ẹ wò ó, ó lè jẹ́ pé tiyín wà níbẹ̀. Èmi ò rí tiwa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ka ìtàn ní yunifásítì ló ní kí n lọ sí National Archives ní Ìbàdàn. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ló wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló ṣe wàhálà rẹ̀, kí ìwé ìjọba má baà di oúnjẹ ikán, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 1954. Mo fẹ́ gbéra lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kí lo fẹ́ sọ fún wọn pé ò ń wá?" Mo dákẹ́. Orúkọ ìyá tó bí ìyá àgbà mi gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n. "Màámi" ni gbogbo ilé ń pè wọ́n.

Nítorí náà, ìlú wa ni mo kọ́kọ́ lọ, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá àgbà mi. Mo tan fóònù sílẹ̀, mo ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Mo béèrè orúkọ àbísọ Màámi, oríkì wọn, orúkọ bàbá wọn, àti agbo ilé tí wọ́n ti wá. Agbo ilé yẹn ló wá gbà mí níkẹyìn. Orúkọ pọ̀ tó jọra wọn nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n agbo ilé kì í pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, mo rí i pé kò sí pé kéèyàn tẹ orúkọ kó máa retí èsì. Ìwé àtòjọ ni wọ́n máa gbé fún yín, ọ́fíìsì tó ni fáìlì ni wọ́n sì fi pín in. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìlú yín wà nígbà òyìnbó, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó wà lónìí. Ìbàdàn, Òṣogbo, Ifẹ̀, Iléṣà, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni gbogbo wọn wà nígbà náà, nítorí náà OYO PROF lẹ máa wò. IJE PROF ni ti Ìjẹ̀bú, ABE PROF ni ti Abẹ́òkúta. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè fi fóònù ya ìwé kí ẹ tó yà á.

Ọ̀rọ̀ sípẹ́lì tún wà. Bí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ló ṣe máa kọ ọ́. Ẹ rántí "Oshogbo" àti "Ilesha" àtijọ́. Ṣ lè di sh, ó lè di s lásán, kò sì sí àmì ohùn kankan. Ẹlòmíràn tún wà tó ṣe ìrìbọmi, tí orúkọ ilé rẹ̀ sì wọmi. Àjàyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 1822, Samuel Crowther ló di lẹ́yìn ìrìbọmi ní 1825. Ká orúkọ sókè ló dáa jù. Tí ẹ bá lọ sórí ìkànnì SlaveVoyages, ẹ máa rí orúkọ àwọn èèyàn tó lé ní 90,000 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrú, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Freetown àti Havana. Tí ẹ bá fi ojú lásán wò ó, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Ẹ fi ẹnu kà á, ẹ máa gbọ́ Yorùbá níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí i. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, tí ọkùnrin kan kọ sí Ajẹ́lẹ̀ ní ọdún 1932. Ká sòótọ́, ẹni tó ń fi lẹ́tà kíkọ jẹun ló bá a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, òun kàn tẹ̀ka sí i ni. Ó ní ìyàwó òun ti kọ òun ní kóòtù ìbílẹ̀, owó ìdána tí wọ́n dá padà kò pé, àti pé ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 3, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Orúkọ ìyàwó yẹn wà níbẹ̀, ti bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, agbo ilé wà níbẹ̀. Màámi ni. Èsì Ajẹ́lẹ̀ kò ju ìlà 2 lọ: kí wọ́n lọ yanjú ọ̀rọ̀ owó ní kóòtù, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn.

Inú bí ìyá mi. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ìyá wa ò kọ ọkọ rí!" Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà ni pé ọkọ kan ṣoṣo ni Màámi mọ̀. Mo tọrọ àforíjì pé mi ò kọ́kọ́ sọ fún un, ó sì yẹ kí n sọ. Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó ju irú nǹkan báyìí sórí WhatsApp ẹbí.

Ṣùgbọ́n mo ka ìwé náà fún ìyá àgbà mi. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo dárúkọ ọmọ yẹn, wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, wọ́n sì pe oríkì rẹ̀. Oríkì yẹn ò sí nínú fáìlì o. Wọ́n ní, "Màámi máa ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún."

Orúkọ ìlú ọkùnrin yẹn wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Mo wá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú náà lórí Facebook. Mi ò kọ ìtàn kankan síbẹ̀, orúkọ agbo ilé nìkan ni mo béèrè. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, obìnrin kan fi voice note ránṣẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá àgbà tiwọn ti kú, àmọ́ ó ní wọ́n máa ń sọ pé àwọn ní àbúrò níbì kan.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ, èmi àti ìyá àgbà mi. Ìyá mi ò tíì sọ bóyá òun á bá wa lọ. Àmọ́ ó ti gbé léèsì rẹ̀ kan lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀.