Silíkọ́nì tí kò gbọdọ̀ móoru

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ni a mú wá. Nítòsí Geneva, ní ilẹ̀ Switzerland, ihò róbótó kan wà lábẹ́ ilẹ̀. Kìlómítà 27 ni àyíká rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mú kí èérún tí ojú kò lè rí kọlu ara wọn. Èyí tó bá tú jáde, awẹ́ silíkọ́nì ni wọ́n fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Lára yanrìn ni wọ́n ń yọ silíkọ́nì o!

Ṣùgbọ́n èérún kan náà ní ń ba silíkọ́nì ọ̀hún jẹ́. Bí ó bá pẹ́ nínú ooru, ìbàjẹ́ náà a máa burú sí i. Nítorí náà, wọ́n ń mú un tutù ju yìnyín lọ. Bí iṣẹ́ tilẹ̀ dáwọ́ dúró, wọn kì í fẹ́ kí ó móoru pẹ́. Ẹlẹ́ja wa mọ èyí: ọjà tú, ẹja ṣì wà nínú yìnyín. Atẹ́gùn ibẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ìrì má baà sẹ̀ sára wáyà iná.