Kí Ẹ Tó Sanwó Ìkọ́ṣẹ́ Oúnjẹ



Púpọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ láti kọ́ṣẹ́ oúnjẹ, tàbí láti fi ọmọ síbẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kì í ṣe ẹ̀bùn. Bí iṣẹ́ náà kò bá mówó wọlé, èrè ọjà wa la ó fi san án. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ẹ bi ara yín pé: ta ni yóò ra ohun tí mo fẹ́ kọ́?

Ẹni tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ti ní oníbàárà tirẹ̀. Bó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja kó gbẹ dáadáa, tí wọ́n sì ń dì í sínú ọ̀rá tó mọ́, ọjà rẹ̀ á pẹ́ kó tó bàjẹ́. Kéèkì náà dára, àmọ́ ẹ ka owó oven àti gáàsì mọ́ owó ìkọ́ṣẹ́.

Ẹni tó fẹ́ máa se oúnjẹ òde, kó wá ọ̀gá tó máa mú un lọ síbi ìnáwó. Ìkòkò ẹni mẹ́rin kò lè kọ́ni bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì igba èèyàn.

Ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì nílò ìwé ẹ̀rí. NABTEB, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣe ìdánwò lórí iṣẹ́ oúnjẹ. Ẹ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà ń múni sílẹ̀ fún un. Iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, WAPA, náà ní ibi ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́; ẹ lọ wádìí níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè: ṣé èmi fúnra mi á fọwọ́ kan ìkòkò, àbí mo kàn máa dúró wòran? Ta ni yóò ra èlò ọbẹ̀? Ṣé ọjọ́ ẹ̀kọ́ kò bọ́ sí ọjọ́ ọjà?

Ẹ má sì fojú kéré ìkọ́kọrẹ́ wa. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sè dáadáa wà láàárín wa níbí. Kí àwọn ọmọ wa jókòó tì wọ́n.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ọjà á tà, àwìn ò ní pa wá o.