Ẹ̀rí Ẹni Tí Ó Yọ

Òṣogùn kò jìnnà sí Ìbàràpá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Òpìtàn lè sọ pé ogun fọ́ ìlú náà. Àjàyí fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837 pé ẹṣin ni wọ́n fi òun pààrọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ka ìtàn bí ìjọba Hitler ṣe pa nǹkan bí 6,000,000 Júù. Òpìtàn ni yóò sọ pé àwọn ìjòyè rẹ̀ pàdé ní Wannsee ní 1942 láti ṣètò iṣẹ́ burúkú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Primo Levi, ará Ítálì tí ó yọ ní Auschwitz, ni yóò sọ bí ènìyàn ṣe ń di 174517, nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i lápá.

Ẹ má da ìtàn méjèèjì pọ̀ o. Àwọn tí ó kó Àjàyí ń wá ẹrú tí wọn yóò tà; Hitler kò fẹ́ kí Júù kan ṣẹ́kù, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹni tí ó yọ lè kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tì wọ ilé gáàsì kò tilẹ̀ gba nọ́ńbà. Inú ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó lọ ni òpìtàn ti ń wá wọn.