Ọ̀rá Ilẹ̀ ni Ogún: Ohun tí Àgbẹ̀ Sókótó Lè Kọ́ Wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Sókótó ṣe ibùgbé, bóyá la fi lè rí ẹnì kan níbí tí ìdílé rẹ̀ kò ní ilẹ̀ nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀ffà, ní Ìsẹ́yìn. A mọ bí a ṣe ń pe awọnlẹ̀, a mọ ọ̀nà kóòtù, a sì ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé lè jàre ẹjọ́ ilẹ̀ nígbà tí àgbàrá ti wọ́ ọ̀rá ilẹ̀ náà lọ. Ọ̀rá yẹn gan-an ni àwọn baba wa fi jogún fún wa, àwọn tí a sì ń bá gbé níbí mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Òjò Sókótó kì í sábà tó mìlímítà 700 lọ́dún. Ti Ìbàdàn ju 1,200 lọ. Síbẹ̀, kí Muhammad Bello tó tẹ ìlú yìí dó ní 1809 ni wọ́n ti ń gbin jéró àti ọkà bàbà lórí ilẹ̀ oníyanrìn yìí. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á di ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí ilé ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sóko. Àgbẹ̀ Haúsá a sì máa bá darandaran Fúlàní ṣàdéhùn kí màlúù wá jẹ pòròpórò, kó sì sùn sórí oko náà. Ìjínigbé àti ìkọlù ti ba àdéhùn yìí jẹ́ ní ọ̀pọ̀ abúlé. Ó dùn mí púpọ̀, torí ilẹ̀ pàápàá ń jìyà rẹ̀.

Bí ẹ bá jáde sí ẹ̀yìn ìlú, ẹ wo igi tí Haúsá ń pè ní gawo. Nígbà òjò tí igi yòókù ń rúwé, tirẹ̀ ń wọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òun ń rúwé. Nítorí náà, kì í ṣíji bo jéró tó wà nídìí rẹ̀. Ewé rẹ̀ ń jẹrà di ajílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ ilẹ̀, ẹran ọ̀sìn sì ń jẹ èso rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹni tó dá a sí ni yóò jèrè rẹ̀ jù. Ní agbègbè Maradi, lẹ́yìn ẹnubodè, ní orílẹ̀-èdè Niger, láti nǹkan bí 1983 ni àwọn àgbẹ̀ ti ń dá ọ̀mùnú ara kùkùté sí dípò kí wọ́n ṣán an dànù. Wọn kò ra igi kankan. Oko tí igi ti padà sí lórílẹ̀-èdè náà ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Ilé tiwa ńkọ́? Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa ń sun ún lọ́dọọdún, ó ń gbin àgbàdo lé àgbàdo, a kò sì bi í ní nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tó bá ti san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn baba wa a máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Nísinsìnyí tí a ti pín in fún ìyá kọ̀ọ̀kan (ìdí-igi) tàbí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan (orí-ò-jorí), ìpín ẹlòmíràn kò tó ohun tí à ń fi sílẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, fi ṣiṣẹ́ lórí gbígbin igi agúnmániyè ní ẹsẹẹsẹ láàárín irè oko, kí wọ́n máa gé ewé rẹ̀ tẹ́ sórí ilẹ̀. Iṣẹ́ gígé náà pọ̀, òun ló sì mú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sá fún un, ṣùgbọ́n lórí éékà kan, apá ìdílé ká a. Ilẹ̀ kékeré pàápàá tó bẹ̀rẹ̀: ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, hẹ́kítà 1 ni Godfrey Nzamujo fi bẹ̀rẹ̀ oko Songhai ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ibẹ̀ ń di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná.

Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá délé lọ́dún Iléyá tàbí Kérésì, tí mọ̀lẹ́bí jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ béèrè ìwé, kí ẹ sì béèrè ohun tí ẹni tó ń dáko níbẹ̀ ń dá padà sínú ilẹ̀. Ẹ dín ìṣákọ́lẹ̀ kù fún ẹni tó bá dá igi sí, tí kò sì sun oko. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí gbogbo ìdílé fọwọ́ sí i.