Oúnjẹ Tí Ó Bu Kò Yẹ Aláboyún

 

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àgbàdo àti ẹ̀pà tí ó bu. A kì í fẹ́ da oúnjẹ nù. Bí àgbàdo bá bu, a ó gbọn èébu rẹ̀ dànù, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi ṣe ògì. Èyí tí ó bàjẹ́ jù, a ó dà á fún adìyẹ. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Èébu yìí máa ń tu májèlé kan tí à ń pè ní aflatoxin. Ojú kò lè rí i. Fífọ̀ àti sísè kò lè mú un kúrò tán. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó tó 100,000 kú nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ní májèlé yìí. Ní 2004, ní Kẹ́ńyà, àgbàdo tí ó bu mú ènìyàn 317 ṣàìsàn. 125 nínú wọn kú.

Ẹni tí ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lè má mọ̀, ṣùgbọ́n ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Májèlé yìí ń dé ara ọmọ inú, ó sì ń bá omi ọyàn jáde. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2002 fi hàn pé àwọn ọmọ Benin àti Togo tí májèlé yìí pọ̀ lára wọn kò dàgbà bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí já ọmọ lẹ́nu ọmú o! Oúnjẹ ìyá ni kí á tún ṣe.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ sá àgbàdo àti ẹ̀pà sórí ẹní tàbí ọ̀rá, kì í ṣe orí ilẹ̀, títí yóò fi gbẹ dáadáa.

2. Ẹ má ṣe wọ́n omi sí ẹ̀pà kí ẹ tó bó o.

3. Ẹ gbé àpò sórí pákó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

4. Ẹ ṣa èyí tí ó bu tàbí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi bọ́ ẹran tàbí adìyẹ.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, bí ẹyinjú aláboyún bá pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, tí ó ń bì, tí inú ń run ún, ẹ má ṣe dúró ti àgbo. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o.